Pélé Lójú Àlejò

Ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́ta ni mo fi ka owó olówó
ní báǹkì kan lọ́nà Ìsọ̀kùn.
Kò sí ẹyọ kan tó bá mi délé lọ́kàn.
Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni owó wá ń pè mí lórúkọ.

Dọ́là fàdákà ni, ó nípọn, ó tutù bí òkúta odò,
orí obìnrin òkè òkun kan ní iwájú,
irun rẹ̀ dì sẹ́yìn, ètè rẹ̀ pa dé
bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè tí kò fẹ́ pariwo.
Ọdún tí ilé-ìwé wa pé àádọ́ta ọdún
ni ìgbìmọ̀ kó ọgọ́ta irú rẹ̀ lọ bá Fádùgbà,
alágbẹ̀dẹ fàdákà ní Ìfọ̀fín.
Wọ́n ní kó fi àmì sí i, kí ayẹyẹ má baà di àgbọ́sọ.
Ó gbọ́ tẹnu wọn, ó wo ojú obìnrin náà pẹ́,
ó ní, "Ẹni tó bá máa gbé Iléṣà, ẹ jẹ́ ká dá a mọ̀."
Ó gbé irin kékeré, ó fi òòlù bà á lẹ́ẹ̀kan:
pélé mẹ́ta, ṣóńṣó, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì.

Ọgọ́ta péré. Kò fi ẹyọ kan lé e.

Mo ti kó mẹ́tàdínlógójì jọ.
Ọ̀kan wà lọ́wọ́ opó òṣómàáló kan ní Òkè-Ẹ̀ṣọ̀,
ó lu ú níhò, ó so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ àpótí;
mo lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí ó fi tà á.
Ọkọ rẹ̀ á ti rẹ́rìn-ín nínú sàréè.

Nínú àwọn tó kù, ọ̀kan ti di yẹtí.
Mo rí yẹtí náà létí ìyàwó tuntun,
mo kí ìyàwó kú oríire, ọkàn mi ń sunkún.
Ọ̀kan, wọ́n ní ó wà lábẹ́ ahọ́n ẹni tó ti sùn:
ìyẹn, mo fi sílẹ̀ fún un.
Wọ́n tilẹ̀ ta ayédèrú fún mi rí, pélé mẹ́rin ló ní.
Ọmọkùnrin tó tà á kò nílà lójú, kò mọ iye.

Fẹ̀hìntọlá ìyàwó mi máa ń bi mí pé,
"Ṣé a ó sè é ni?"
Mo máa ń dá a lóhùn pé ohun tó pọ̀ ni à ń sè.

Oṣù tó kọjá, lọ́sàn-án ọjọ́ tí òjò ṣú,
Ìbíjọkẹ́, àbígbẹ̀yìn Fádùgbà, ránṣẹ́ pè mí.
Ó tú aṣọ kan, ó tún tú òmíràn nínú rẹ̀.
Irin náà nìyí. Kò gùn ju ìka ìlábẹ̀ lọ.
"Baba wa kò jù ú nù. Dọ́là lásán ṣì ń bẹ lọ́jà.
Ẹ mú mẹ́tàlélógún wá, a ó parí rẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú.
Ta ni yóò mọ̀?"

Ta ni yóò mọ̀ lóòótọ́? Ìgbìmọ̀ ti kú tán.
Mo gbé irin lé àtẹ́lẹwọ́, ó wúwo ju bó ti yẹ lọ.
Wọ́n sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí olóòlà kọ tèmi
òjò ṣú báyìí náà, ìyá mi gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Ojú wọn ń dán bí dọ́là ọjà.
Èmi ni mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n.

Mo dá irin padà. Ìbíjọkẹ́ wò mí bí ẹni wo òmùgọ̀,
ó bu ẹ̀pà fún mi, a jọ jẹ ẹ́ títí òjò fi dá.
Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó ní,
"Àwọn tí ẹ ní nílé yẹn,
ṣé ó dá yín lójú pé Baba ló lu gbogbo wọn?"

Lálẹ́, mo tẹ́ wọn sórí tábìlì, lẹ́bàá fìtílà,
mo fi awò wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì.
Méje wà tí ìlà àárín wọn tẹ̀ díẹ̀,
bíi pé ọwọ́ ọmọdé gbọ̀n.
Mo yà wọ́n sọ́tọ̀.
Àwọn méje yìí ni n kò ní tà láéláé.